Òwú Pupa Lọ́wọ́ Òsì

Kí fèrè ilé-iṣẹ́ tó dún láàárọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi á ti máa sọ̀rọ̀. Ilé gígùn kan là ń gbé ní Agége, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, débi pé bí ẹnì kan bá sín ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì á kí i ní pẹ̀lẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ọ̀nà Ìkẹjà, òórùn bisikíìtì tí wọ́n ń yan á gba ojú fèrèsé wọlé wá fìyà jẹ wá, nítorí òórùn nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, bisikíìtì kì í bá a wá. Bàbá mi á wà lẹ́yìn ilé, wọ́n á máa fọ ẹnu, wọ́n á máa ha ọ̀fun bí ẹni tó ń pe ayé níjà. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á jókòó sórí ẹní, wọ́n á máa fa tẹ̀súbáà, ṣùgbọ́n etí wọn kan á wà níbi ẹ̀rọ omi, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé kẹ́ẹ̀gì tiwa sẹ́yìn. Bí wọ́n bá fura pé ẹnì kan ti fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á dá tẹ̀súbáà dúró, wọ́n á ké láti inú yàrá pé, "Mò ń gbọ́ o!" Wọ́n á sì tún máa bá àdúà wọn lọ. Inú irú ilé yẹn ni mo ti kọ́ ìwé kíkọ, mi ò sì tíì rí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lè fi wé e.

Ọdún tí mò ń rántí yìí, eyín iwájú mi ń mì, ṣùgbọ́n kò tíì ká. Mo ti ń lọ sí ilé kéú kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ilé-ìwé òyìnbó. Ìyá Àgbà ló fà mí lọ́wọ́ lọ bá Àfáà Sálíù, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lábẹ́ páànù kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa ni Àfáà, ìdí nìyẹn tí Ìyá Àgbà fi fọkàn tán wọn ju àwọn tó kù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n máa ń sọ fún aráyé ni pé ìmọ̀ ò ní ìlú. Wọ́n ra wàláà fún mi, pátákó pẹlẹbẹ tó dán, tó ní ọwọ́ lókè tí a fi ń gbé e. Wọ́n gé kálàmù fún mi láti ara oparun tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì fún mi ní ìgò tàdáà kékeré kan, dúdú, tó ń rùn bí èédú tútù. Ọwọ́ ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó gbé kálàmù lé etí wàláà lápá ọ̀tún, a ó máa fà á bọ̀ lápá òsì, bẹ́ẹ̀ la ó máa ṣe títí pátákó á fi kún. Bí a bá ti kà á já, a ó fi omi fọ̀ ọ́, a ó da omi náà síbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í tẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló wà nínú ẹ̀. Mo fẹ́ràn ilé kéú yẹn ju oúnjẹ lọ. Àfáà máa ń gbé wàláà mi sókè fi han àwọn ọmọ tó jù mí lọ, wọ́n á ní, "Ẹ wo ọwọ́ ọmọ tí eyín ẹ̀ ò tíì ká!" Orí mi á wú, á fẹ́ ya ìborùn.

Nígbà tó wá kan ilé-ìwé òyìnbó, ohun tí mo mọ̀ náà ni mo ṣe. Àǹtí Ṣadé, olùkọ́ wa, kọ orúkọ kálukú sókè ìwé ẹ̀, wọ́n ní ká kọ ọ́ sísàlẹ̀. Mo gbé pẹ́ńsù lé etí ìwé lápá ọ̀tún, mo sì fa Ráfátù bọ̀ lápá òsì, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kẹ̀yìn síbi tó yẹ kó kọjú sí. Lójú tèmi, ó dára. Mo tilẹ̀ ń retí kí wọ́n gbé e sókè fi han kíláàsì bí Àfáà ti ń ṣe. Wọ́n gbé e sókè lóòótọ́. Ẹ̀rín tí àwọn ọmọ yẹn rín lọ́jọ́ náà, ó dùn mí wọ eegun, bí mo ṣe dàgbà tó yìí mo lè dárúkọ àwọn tó rín in jù. Àǹtí Ṣadé kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn. Wọ́n gbìyànjú. Wọ́n di ọwọ́ mi mú kọ ọ́, wọ́n fi rúlà kan ìka mi, wọ́n fún mi ní súìtì, wọ́n gbàdúrà sí i. Kò sí èyí tó ràn án. Bí wọ́n bá ti yíjú kúrò, ọwọ́ mi á tún gba ọ̀nà ilé kéú lọ. Nígbà tó sú wọn, wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà tó Màdáámù tó ni ilé-ìwé létí, Màdáámù sì ránṣẹ́ pe bàbá mi.

Bàbá mi dé láti ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ìyá mi máa ń jókòó sí. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Màdáámù ní tó bá fi máa di ìparí sáà yìí, tí kò bá lè dúró síwájú pátákó kó kọ orúkọ ẹ̀ bó ṣe yẹ, jẹ́lé-ó-sinmi ló ń padà sí," ni bàbá mi wí. "Wọ́n ní kéú ló ń dà á láàmú. Wọ́n ní kí n yọ ọ́ níbẹ̀, kó lè gbájú mọ́ ọ̀kan."

"Kí lo wá sọ fún wọn?" Ìyá Àgbà bèèrè láti orí ẹní.

"Mo ní kí wọ́n fún mi di ìparí sáà, Ìyá. Èmi fúnra mi ni màá kọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n tí kò bá bọ́ sí i, a jẹ́ pé kéú á dúró ná. Mo ti ṣèlérí fún wọn."

Ìyá Àgbà ò pariwo. Èmi ìbá fẹ́ kí wọ́n pariwo. Wọ́n dìde, wọ́n fa báàgì ńlá tí wọ́n gbé wá láti ilé jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ wọn sínú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ràṣídì, èmi ni mo mú ọmọ yìí lọ sí kéú. Ọjọ́ tí o bá yọ ọ́ níbẹ̀, ọjọ́ náà ni mò ń padà s'Ógbómọ̀ṣọ́. Mi ò ní jókòó s'Ékòó kí n máa wo ọmọ ọmọ mi tó ń gbàgbé ohun tó ti mọ̀."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti sọ ọ́."

Láti ọjọ́ náà lọ, báàgì Ìyá Àgbà wà nídìí ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, wọ́n á tú u, wọ́n á mú aṣọ, wọ́n á sì tún dì í padà síbi tó wà. Bí a bá ń wọlé, a ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹ̀. Àwọn ará ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń kí wọn ní "Ẹ kú ìrìn o, Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́," nígbà tí wọn ò tíì lọ síbi kankan. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé bí Ìyá Àgbà bá ti sọ ọ̀rọ̀, ó ti di ṣíṣe. Bí mi ò bá lè kọ Ráfátù bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́, màá padà sáàárín àwọn ọmọ jòjòló, mi ò ní rí Àfáà mọ́, ẹni tó ń fi oríkì mi, Àṣàkẹ́, pè mí láàárọ̀ á sì ti wà nínú ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọdé ni mí lóòótọ́, àmọ́ ohun tó wà nílẹ̀ yẹn yé mi yékéyéké. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì pinnu pé mi ò ní gbà.

Bàbá mi náà ò gbà. Wọn ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti di nǹkan mú, ìjà ló kù. Wọ́n bẹ ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ pé kó fi àwọn sí iṣẹ́ àárọ̀, kí wọ́n lè máa wà nílé bí mo bá ti kéú dé. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páálí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, páálí tí wọ́n ń di ọṣẹ àti bisikíìtì sí, wọ́n sì máa ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní èyí tó bá bàjẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ. Tẹ́lẹ̀, iná la fi ń dá. Láti ìgbà yẹn lọ, bàbá mi á là á, wọ́n á tẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ lórí símẹ́ńtì níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, ìdí rẹ̀ tí wọn ò tẹ nǹkan sí á kọjú sókè, wọ́n á gbé ẹfun tí ìyá mi fi ń sàmì sí aṣọ lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìrun làásárì la máa ń bẹ̀rẹ̀, a kì í kúrò níbẹ̀ títí tí wọ́n á fi pe ìrun mọ̀gàríbì. Ìyá mi á máa ranṣọ, ọkọ̀ ojúurin á kọjá, ilẹ̀ á mì, ẹfun á ta, a ó tún un kọ. Oníyẹ̀yẹ́ ò jìnnà: ẹni tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ á ní, "Ràṣídì, ṣé Ráfátù náà ti ń ṣiṣẹ́ páálí ni?" Bàbá mi á kàn máa tẹ́ páálí lọ.

Ẹ máà rò pé ọ̀rọ̀ náà dùn lọ bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, igbe ni bàbá mi ń ké. "Mo ní òsì! Ṣé o ò mọ òsì ni?" Mo mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá bi mí jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jágbe, ọ̀tún àti òsì á gbá mọ́ra wọn lágbárí mi. Màá kọ R kan tó dára, tí F bá dé, á tún yíjú padà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ìyá Àgbà á wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò mọ lẹ́tà òyìnbó kankan, wọn ò sì díbọ́n pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n kàn ń sọ ni pé, "Ràṣídì, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwọ náà, ọdún mélòó lo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn ṣòkòtò?" Ìyá mi á fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni bàbá mi tẹ́ páálí sílẹ̀, tí wọ́n kàn ń wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan. Ìlà pupa kan wà lára ẹ̀gbẹ́ náà. Níbi iṣẹ́ wọn, páálí kì í wọ ẹ̀rọ bó ṣe wù ú. Ẹ̀gbẹ́ kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì ló ṣíwájú, orúkọ ọjà á dorí kodò, gbogbo ẹ̀ á sì ṣòfò. Nítorí náà, ẹni tó ń tò wọ́n á fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ tó máa ṣíwájú, kí ẹni tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú. Pupa ló máa wò, á sì tì í wọlé. Bàbá mi yí páálí náà títí ìlà pupa fi bọ́ sápá òsì mi.

"Ráfátù, má dá òsì lóhùn mọ́. Gbàgbé ẹ̀. Ṣé o rí pupa yìí? Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti ń wọlé. Gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé níbẹ̀, ẹ̀yìn ló ń kọ sí i, iwájú ló ń lọ, kì í bojú wẹ̀yìn. Ó yá."

Mo kọ R, ó kẹ̀yìn sí pupa. Mo kọ a. Ó kan f, mo dúró, mo wo pupa, mo kọ ọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́, mi ò mọ ìgbà tó dákẹ́. Nígbà tí mo kọ u tán, bàbá mi fọwọ́ gbá ilẹ̀ pàá, wọ́n ní, "Ó wọlé!" bí ẹni tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ wọ àwọ̀n.

Ìyá mi ló rí ohun tó kù. Wọ́n ní ìwé ilé-ìwé ò ní pupa létí, pátákó Àǹtí Ṣadé náà ò sì ní í. "Bàbá Ráfátù, ẹ ò lè máa fi ọ̀dà kun gbogbo Èkó. Ara ọmọ yẹn fúnra ẹ̀ ni ká sàmì sí." Wọ́n já òwú pupa lára kẹ̀kẹ́ òwú tó wà lórí ẹ̀rọ, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n lọ́ ọ títí ó fi nípọn, wọ́n ní kí n na ọwọ́. Mo na ọ̀tún. Wọ́n tì í sẹ́yìn. "Èyí tí a kì í fi jẹun ni, kí epo má baà bà á jẹ́." Bí wọ́n ṣe so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì mi nìyẹn. Ìyá Àgbà wò ó títí, wọ́n wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀, wọ́n wá ní, "Ọ̀nà kan ò wọjà, Àṣàkẹ́. Ti Àfáà gba ọ̀tún wọ ọ́, ti òyìnbó gba òsì. Ìwọ ṣáà ti débẹ̀." Ṣùgbọ́n wọn ò tú báàgì wọn.

Ọmọ ọmọ mi tó wà lọ́dọ̀ mi ní Ọgbà báyìí ń bi mí pé kí ló dé tí òun fi gbọ́dọ̀ kọ́ ìwé ọwọ́ nígbà tí fóònù wà. Mo ní kó jókòó. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ orúkọ ara ẹ̀, ó ti dá nǹkan kan dúró láyé, ẹ̀rọ kì í ṣe irú ẹ̀ fún ènìyàn. Ó wò mí bí ẹni wo arúgbó. Kò burú, arúgbó náà ni mí, ó sì máa kọ ọ́. Mo ti rí ohun tí ó ń náni, mo ti rí bàbá tó ti dúró sẹ́nu ẹ̀rọ láti àárọ̀, tó tún wá dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì, àyà nílẹ̀, kó lè máa wo ẹfun lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀ ní ìpele ojú.

Gbogbo ilé ló ń kọ́ mi nígbà yẹn. Bí mo bá ń gbá ilẹ̀, Ìyá Àgbà á ní kí n fi ìgbálẹ̀ kọ orúkọ mi sórí iyẹ̀pẹ̀ kí n tó gbá a dànù. Bí mo bá ń fọ abọ́, màá fi ìka kọ ọ́ sínú ọṣẹ. Wọ́n á ní kí n wo òwú, màá wò ó, màá kọ ọ́. Oúnjẹ nìkan ló ní òfin tirẹ̀. Ìyá Àgbà ló máa ń pín ẹran, wọn kì í sì í gbé e sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ọwọ́ sọ́wọ́ ni. Ọmọ á wá, á kúnlẹ̀, á na ọwọ́ ọ̀tún. Bí mo bá gbàgbé, tí òsì mi yọ jáde láti gba ẹran, wọ́n á gbá a pẹ́ẹ́, wọ́n á ní, "Ọwọ́ wo nìyẹn?" wọ́n á sì gbé ẹran padà sínú ìkòkò títí n ó fi ṣe é bó ṣe yẹ. Wọ́n gbá ọwọ́ yẹn débi pé òsì mi, bó bá ti rí àgbà, ẹ̀yìn mi ló ń sá lọ. Mi ò ka ìyẹn kún ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ìyà ni mo kà á sí.

Ẹ̀rù Àfáà ló bà mí jù, pé wọ́n á rí òwú náà, wọ́n á bínú. Wọ́n rí i lọ́jọ́ kìíní gan-an. Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ta ló ni òsì, bí kì í bá ṣe Ọlọ́run tó ni ọ̀tún? Tí o bá dé ibí, tì í sókè sínú apá aṣọ. Tí o bá ń lọ, fà á sílẹ̀." Ohun tí mo ṣe nìyẹn títí sáà fi ń parí lọ, apá gígùn aṣọ ilé-ìwé mi ló sì máa ń bò ó lójú Àǹtí Ṣadé. Òwú náà gba òógùn, ó gba tàdáà, ó gba ọṣẹ, ó dúdú, ó le. Bí ó bá já, Ìyá Àgbà á tún un so, wọ́n á sì ta kókó kún kókó.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Màdáámù dá, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ni wọ́n fún mi jẹ. Ìyá Àgbà gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ki mí, ojú wọn ò kúrò lára báàgì tó wà nídìí ilẹ̀kùn. Bàbá mi ní àwọn á tọrọ àyè níbi iṣẹ́, àwọn á bá mi lọ́hùn-ún. Mo dé ilé-ìwé, ọkàn mi balẹ̀. A wà lórí ìlà, à ń kọrin àárọ̀, à ń gbé ọwọ́ sókè, ni apá aṣọ mi bá ṣí. Àǹtí Ṣadé rí òwú náà.

"Kí nìyí?"

"Òwú ni, mà."

"Ta ló so ó mọ́ ẹ lọ́wọ́?"

"Ìyá mi ni, mà. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ló ń ta kókó sí i."

"Kí ni wọ́n ní ó wà fún?"

Òótọ́ ni mo sọ. Ọlọ́run ló mọ̀ pé òótọ́ ni. "Wọ́n ní tí mo bá ti ń wò ó, mi ò ní ṣìnà mọ́."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni Àǹtí Ṣadé ń lọ, àwọn tí wọ́n ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé àdúrà. Wọ́n bọ́ bàtà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n gbàdúrà lé mi lórí títí omijé fi dé ojú wọn, wọ́n mú sísọ́ọ̀sì tí a fi ń gé bébà, wọ́n gé òwú náà, wọ́n sọ ọ́ kọjá fẹ́ǹsì. Mo ń sunkún, wọ́n rò pé ẹ̀mí kan ló ń jáde lára mi. "Má sunkún mọ́, ọmọ mi," ni wọ́n ń wí, wọ́n ń nu ojú mi, "a ti tú ẹ sílẹ̀." Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, kò sì sí ọ̀tá tó lè ṣe mí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀ yẹn.

Màdáámù dé, wọ́n pè mí síwájú pátákó. Bàbá mi dúró síta lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, wọ́n di irin fèrèsé mú. Ojú wọn lọ tààrà sí ọrùn ọwọ́ mi, wọn ò rí pupa níbẹ̀. Ẹnu wọn ṣí. Màdáámù ní, "Bàbá Ráfátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a sọ nǹkan kan o." Ẹnu wọn padé. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì. Ọ̀kan ò yàtọ̀ sí ìkejì. Mo wo pátákó, ìpẹ̀kun ẹ̀ méjèèjì rí bákan náà, ó fẹ̀ bí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Gbogbo iyẹ̀pẹ̀ tí mo ti kọ orúkọ mi sí fò lọ lórí mi. Báàgì Ìyá Àgbà nìkan ni mò ń rí. Ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kíláàsì.

Màdáámù na ṣọ́ọ̀kì sí mi. "Ó yá, gbà."

Mi ò ronú. Àgbà ló na nǹkan sí mi, orúnkún mi sì ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Ọwọ́ kan jáde lọ gba ṣọ́ọ̀kì. Ìkejì ti sá sẹ́yìn mi, ó lẹ̀ mọ́ ìdí mi, ó ń bẹ̀rù pẹ́ẹ́. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo wà tí mo fi gbọ́ ọ létí mi ketekete: "Ọwọ́ wo nìyẹn?" Mo tún gbọ́ ohùn ìyá mi: "Èyí tí a kì í fi jẹun ni." Ọwọ́ tó sá sẹ́yìn mi yìí ni òwú wà! Kì í jáde gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà mọ́, lára ẹ̀ ni wọ́n sì so ó mọ́. Mo dìde, mo yà sápá ibi tó wà, mo rìn títí mo fi kan etí pátákó, mo gbé ṣọ́ọ̀kì lé e. R kẹ̀yìn sí mi, ó kọjú síwájú. Mi ò wẹ̀yìn. Mo kọ ọ́ lọ títí mo fi dé u, mo fi ìlà sí abẹ́ ẹ̀ bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe.

"Kọ òmíràn," ni Màdáámù wí. Mo kọ Baba. Mo gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń ha ọ̀fun lẹ́bàá fèrèsé.

Èmi àti bàbá mi rìn títí a fi dé ẹ̀gbẹ́ ojúurin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bi mí pé ta ló tú òwú mi. Mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fara ti òpó iná, àwọn tó ń kọjá ń kí wọn pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú wọn kan ojú mi.

"Báwo lo ṣe wá mọ ibi tí o ti máa bẹ̀rẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀ gba ṣọ́ọ̀kì ni, sà."

Kò yé wọn. Wọ́n gbé mi lé èjìká, wọ́n gbé mi délé bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti wé gèlè ìrìn, ọwọ́ wọn wà lórí báàgì. Ìyá mi dúró tì wọ́n, kò sí aṣọ kankan lẹ́nu ẹ̀rọ. "Ìyá, ó kọ ọ́," ni bàbá mi wí. "Wọ́n gé òwú ẹ̀, ó sì kọ ọ́. Àmọ́ ohun tó ní òun fi kọ ọ́ ni kò yé mi. Ráfátù, sọ fún wọn."

Mi ò mọ bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà. Mo na ọwọ́ kan sí wọn bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fún mi lẹ́ran, mo sì jẹ́ kí ìkejì sá lọ sẹ́yìn mi bó ṣe máa ń sá. "Èyí tó sá yìí ni mo wò," ni mo wí.

Ìyá Àgbà wo ọwọ́ tí mo nà. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi, níbi tí ìkejì sá pamọ́ sí. Wọ́n fa ọwọ́ náà jáde, wọ́n dì í mú nínú tiwọn, ọwọ́ òsì yẹn tí wọ́n ti gbá láìmọye ìgbà, wọ́n sì fi nu omijé ojú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n tú gèlè, wọ́n tú báàgì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ wọn padà sórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Dìde, Àṣàkẹ́," ni wọ́n wí, wọn ò wẹ̀yìn. "Gbé wàláà ẹ. Àfáà á ti máa retí ẹ."